Èjìká Tí Ó Gan: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Fi Ipá Fà Á

Àrùn kan wà tí kì í pani, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí oorun sùn. Kì í yọ egbò, kì í wú, ẹni tí ó ń ṣe lè máa rìn káàkiri ọjà kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, àfi ìgbà tí ó bá fẹ́ wé gèlè. Àwọn dókítà ń pè é ní èjìká dídì. Dókítà Codman, ará Boston ní Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ ní orúkọ náà ní ọdún 1934. Lọ́dọ̀ wa, làkúrègbé ni a ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwọn mìíràn a sì ní ọwọ́ ayé ni. Ó ṣe èmi náà ní èjìká òsì, èmi tí mo ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn, tí ó sì jẹ́ pé orí pẹpẹ gíga ni mo ń to ìdì ànkárá sí.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú èjìká náà kò ṣòro láti yé oníṣòwò aṣọ. Àpò kan wà tí ó yí oríkèé èjìká ká. Nígbà tí ara bá le, àpò náà rọ̀, ó sì fẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí apá fi ń yí síwá sẹ́yìn. Nínú àìsàn yìí àpò náà á nípọn, á sì súnkì, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí kò dára ti í ṣe bí a bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní àkọ́kọ́, ìrora ni, pàápàá ní òru. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ìrora á dínkù, ṣùgbọ́n apá á wá gan pátápátá. Lẹ́yìn èyí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lè gba ọdún kan sí mẹ́ta. Àmì rẹ̀ ni pé bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ bá ọ gbé apá náà, kò ní gòkè. Ẹ́sìréè kì í sábà fi nǹkan hàn, ṣùgbọ́n ó dára kí a yà á, kí dókítà lè mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ṣàdédé kú lójijì, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èjìká, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 60 ni ó ń mú jù, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, dókítà yí apá mi wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní, "Màmá, ṣé ẹ ti yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò rí?" Mo ní èjìká ni mo bá wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́. Ó ní àìsàn yìí fẹ́ràn àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó jẹun. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ nínú ilé wa. Èjìká ni ó tú àṣírí rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wá pọ̀ bí òjò. Ìyá tí ó ń ta léèsì níwájú mi ní kí n jẹ́ kí òun mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń to eegun, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò fà á tí yóò já. N kò lọ. Eegun tí ó ṣẹ́ ni wọ́n ń tò, kò sì sí eegun tí ó ṣẹ́ nínú èyí. Ẹni tí ó bá fi ipá fa èjìká tí ó gan lè ṣẹ́ eegun apá tàbí kí ó fa iṣan ya. Àwọn dókítà náà ní irú ìfàyọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn kun ènìyàn ní oorun kí gbogbo iṣan tó rọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń ṣọ́ra gidigidi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní tirẹ̀ ní, "Ìyàwó, ta ilẹ̀ yẹn, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ, kí o bọ́ lọ́wọ́ ìyà." Iṣẹ́ abẹ náà wà lóòótọ́: ihò kéékèèké ni wọ́n ń lu, wọ́n á ti irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, wọ́n á sì gé àpò tí ó súnkì. Mo bi dókítà. Ó sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde nínú ìwé The Lancet ní ọdún 2020. Ènìyàn 503 ní ilé ìwòsàn 35 ní Bìrìtéènì ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n kun àwọn kan ní oorun kí wọ́n tó fa èjìká wọn, àwọn ìyókù sì gba abẹ́rẹ́ pẹ̀lú eré ìmárale. Nígbà tí ó pé ọdún kan, ara gbogbo wọn ti fúyẹ́ púpọ̀, kò sì sí ọ̀nà kan tí ó fi bẹ́ẹ̀ dára ju àwọn yòókù lọ. Iṣẹ́ abẹ ni ó ní ewu jù. Bí mo ti gbọ́ èyí, mo fi ilẹ̀ mi sílẹ̀ níbi tí ó wà. Bí oṣù bá gorí oṣù tí apá ṣì gan, ọ̀rọ̀ abẹ lè dìde, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n gún fún mi sínú oríkèé. Ó ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí ìrora ṣì pọ̀. Bí apá bá ti gan pátápátá, agbára rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: abẹ́rẹ́ náà a máa gbé ṣúgà sókè fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà dókítà kọ̀ láti gún un títí oògùn fi fa ṣúgà mi wálẹ̀, ó sì ní kí n máa wọ̀n ọ́ ní àràárọ̀ lẹ́yìn náà. Ó gòkè lóòótọ́, ó sì tún wálẹ̀. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ yìí lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì àdúgbò láìsọ pé ẹ ní àtọ̀gbẹ. Ní ti oògùn ìrora, ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ bi dókítà kí ó tó gbé ohunkóhun mì.

Eré ìmárale ni ó gba sùúrù jù. Màá fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná lé èjìká, lẹ́yìn náà màá tẹ̀ síwájú, màá fi ọwọ́ ọ̀tún di tábìlì mú, màá sì jẹ́ kí ọwọ́ òsì máa fì bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn èyí màá fi ìka rìn gòkè lára ògiri. Ọmọ mi fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà síbi tí mo dé ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ilà kan wà lójú kan náà. Obìnrin tí ń kọ́ wa ní ilé ìwòsàn ní bí ìrora eré náà bá bá mi wọ oorun, mo ti ṣe é jù nìyẹn. Olùkọ́ kan tí a jọ ń lọ ti kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ òsì kọ ojú pátákó, àwọn ọmọ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò pa kíláàsì jẹ lọ́jọ́ kan. Ní òru, ìrọ̀rí kan ni mo ń fi sábẹ́ apá.

Ó ti di oṣù méjìdínlógún báyìí. Mo ń wé gèlè fúnra mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò tíì dé àárín ẹ̀yìn. Mo ti ní kí káfíńtà sọ pẹpẹ gíga kalẹ̀ dé àyà mi. Wọ́n ní èjìká kejì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, mo sì ń ṣọ́ ọ. Oògùn ṣúgà ni mo ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́.