Ohun Tí Àwọn Ìjọ Abúlé Wa Ṣe Lẹ́yìn Omíyalé

Bí àwa àgbà Ìbàdàn bá ń ṣírò ọjọ́ orí ọmọ, a máa ń ní, "Ṣáájú Omíyalé ni wọ́n bí i," tàbí "Ó ti ń rìn nígbà Omíyalé." Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, là ń wí. Òjò náà rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 10. Odò Ògùnpa kún àkúnya, ó wó ilé, ó kó ọjà lọ, ó sì pa èèyàn tó ju 200 lọ. Bọ́lá Ìgè ni gómìnà wa nígbà náà.

Abúlé kan lápá Àkànràn ni mo wà. Ọmọ Ìbàdàn a máa ní agbo ilé nígboro, a sì tún máa ní abà lóko. Nítorí náà, oko ni ọ̀pọ̀ àwọn tí omi lé jáde forí lé. Aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n gbé dé. Nígbà tí yàrá kò gbà wọ́n mọ́, ìjọ wa ṣí ilé ìsìn. Ilé alámọ̀ onípáànù ni, kò tóbi. Wọ́n to bẹ́ǹṣì pọ̀ ní méjì méjì, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, ó di ibùsùn. Bàbá ìjọ ní kí a kó iṣu tí a ti ń yà sọ́tọ̀ de ìkórè jáde. Àwọn kan kùn, wọ́n ní ti Ọlọ́run ni. Bàbá dá wọn lóhùn pé àwọn tí Ọlọ́run fẹ́ fi iṣu náà bọ́ ti dé.

Omi tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn nínú ààwẹ̀ Ramadan ni. Afárá Àpẹ̀tẹ̀ wó, ẹ̀mí tó ju 100 lọ sì bọ́. Ní tiwa, omi ya wọ inú àkùrọ̀. Àwọn ìyá ìjọ dáná sí ẹ̀yìn ilé ìsìn. Wọ́n se oúnjẹ ọ̀sán fún ọmọdé, wọ́n sì ń gbé ìṣínu àti sààrì fún àwọn Mùsùlùmí tí ilé wọn wó. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń kírun. Àwọn ìyá náà ń kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n se omi kànga kí wọ́n tó mu ún, nítorí omi ti gba inú ṣáláńgá kọjá.

Ẹ̀gẹ́ ló tún ká wa lára. Bí omi bá dúró sí ìdí ẹ̀gẹ́, kì í pẹ́ tí yóò fi rà. Ìjọ bẹ ọ̀wẹ̀, tonígbàgbọ́ tìmàle ló jáde. A wú u, a bó o, àwọn kan rin gàrí, àwọn kan rẹ làfún. A tà á, olóko kọ̀ọ̀kan sì gba owó tirẹ̀. Àwọn tí oko wọn wà lórí òkè fún wa ní igi ẹ̀gẹ́ tí a tún gbìn. Ọ̀wẹ̀ kan náà la fi mọ ògiri àwọn opó padà, lẹ́yìn tí ẹlẹ́bùn ìgboro ti pín búrẹ́dì tán, tí wọ́n sì ti lọ.

Ìjọba náà ṣe tirẹ̀. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó mílíọ̀nù 200 dọ́là láti kojú omíyalé n'Ìbàdàn. Owó bẹ́ẹ̀ ń kọ́ afárá, ó ń la odò, ó sì yẹ ká dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọ abúlé ló mọ ẹni tó ń dá sùn, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, àti ilé tí ọmọ ò sí. Ìdí nìyẹn tí ìrànlọ́wọ́ wọn fi ń dé ibi tó yẹ.

Ẹ̀yin ìjọ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ẹ má dúró de òjò mìíràn. Ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìkórè ọdọọdún, kí ẹ fi pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Ẹ kó àwọn ọ̀dọ́ jáde láti gbá ojú àgbàrá kí oṣù kẹjọ tó dé. Ẹ má sì ṣe kọ́ ilé Ọlọ́run sójú ọ̀nà omi, nítorí ibẹ̀ ni aládùúgbò yín yóò sá wá bí omi bá dé.