Ike Kékeré Tó Wó Àjà Wa

Èmi ni mo wó àjà ilé ìdáná wa. Kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe ayé. Ní Peckham ni, ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ilé àtijọ́ tí èmi àti ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

A fẹ́ ṣe balùwẹ̀ tuntun sókè. Púlọ́ńbà tí mo kọ́kọ́ pè, ẹ̀gbọ́n kan tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lọ́wọ́, ní páìpù bàbà ni òun máa fi ṣe ìdí bọ́ílà, òun á sì fi oníke gba abẹ́ pákó ilẹ̀ òkè. Nígbà tó dárúkọ owó, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n rò ó wò." Ó mọ̀ pé mi ò ní pe òun mọ́. Ó ní, "Àbúrò, omi tó ń jò kì í ké o."

Mo wo fídíò fún alẹ́ mẹ́ta, mo bá sọ ara mi di ọ̀gá. Iná gáàsì ni wọ́n fi ń jó bàbà pọ̀. Ẹ̀rù iná bà mí. Oníke ní tirẹ̀, èèyàn á gé e, á tì í bọ oríkèé, ó parí. Mo ra oníke mílímítà 15 fún gbogbo rẹ̀. Ike róbótó kan wà tí wọ́n ń kì bọ ẹnu páìpù kí ó má baà fún. Nígbà tó ku oríkèé méjì, róbótó tán lọ́wọ́ mi. Òjò ń rọ̀ níta. Mo ní kí ni nǹkan kékeré yìí fẹ́ ṣe? Mo ṣí omi, kò jò. Mo kan pákó padà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Omi gbígbóná ń mú kí ike rọ̀, kó sì gùn. Bó bá tutù, á tún sún kì. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kò ní róbótó ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ìyàwó mi jí mi: "Bàbá Ìbejì, òjò ń rọ̀ nínú ilé!" Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi ilé pa. Kí n tó rí i, àjà ti já lé sítóòfù.

Ẹ̀gbọ́n yẹn náà ni mo padà bẹ̀. Kò bú mi. Ó fi bàbà sí mítà àkọ́kọ́ láti ìdí bọ́ílà, nítorí ooru ibẹ̀. Ó fi oníke sábẹ́ pákó, nítorí ó ṣeé tẹ̀, oríkèé rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Owó tí mo san ju ìlọ́po méjì iye tó pè níjọ́sí.

Páìpù oníke kò ṣẹ̀ mí. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ má fi oríkèé kankan sílẹ̀ láìki róbótó bọ ẹnu páìpù rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi ilé yín pa kó tó di òru.