Èmi àti Ọmọ Mi Nídìí Géèmù

Odindi oṣù kan ni ọmọkùnrin mi àbíkẹ́yìn kò fi bá mi sọ ju "Ẹ káàárọ̀, sà" lọ, nítorí pé mo fi ìbínú fa wáyà géèmù rẹ̀ yọ nílé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Ní alẹ́ Sátidé kan, mo jókòó tì í, mo ní kí ó fún mi ní ọkọ̀ kan nínú Forza Horizon 5. Mo mú McLaren F1 ti 1993, elépo bẹntiróòlù nìkan, agbára ẹṣin 618. Òun mú McLaren P1 ti 2013, tí ó ní ẹ́ńjìnnì elépo àti èyí tí ń lo bátìrì, agbára ẹṣin 903. Bí a bá ti yọ ní kọ́nà báyìí, ó ti lọ! Ó ní iná kì í dúró de ẹ́ńjìnnì kí ó tó fa ọkọ̀. (Iná tí kì í dúró ní àdúgbò wa náà nìyẹn!)

Ìgbà tí a dé títì gbọọrọ, mo kọjá rẹ̀. Ẹnu yà á. Mo sọ fún un pé F1 kan sáré dé kìlómítà 386 ní wákàtí kan lọ́dún 1998, ṣùgbọ́n 350 ni àwọn tó ṣe P1 dá a dúró sí.

"Dádì, níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

Mo ní ìwé nípa mọ́tò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tó ti pẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n rí i."