Katakata tí wọ́n fẹ́ẹ́ tà fáwọn onírin n'Ílọràá: Agolo mílíìkì ló kó o yọ!

Ẹni tó bá wọkọ̀ n'Íbàdàn tó ń lọ sí Ọ̀yọ́, tó bá ti kọjá Mọ́níyà àti Ìrókò, Fìdítì ló máa kàn. Kò lè ṣi ibẹ̀ mọ̀, ọsàn tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì á ti sọ fún un. Lẹ́yìn Fìdítì ni Ìlọràá, Ọ̀yọ́ sì ti dé tán nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ ló máa ń sùn kọjá Ìlọràá, wọn ò mọ̀ pé oko kan wà níbẹ̀ tí ìjọba Western Region ìgbà kan náwó lé lórí gidigidi. Fáàmù Sẹ́túmẹ́ǹtì ni wọ́n ń pe oko ọ̀hún títí dòní.

Ọdún 1959 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò náà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Olóyè Akin Deko ni mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà yẹn. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n ti rí àpẹẹrẹ ẹ̀, níbi táwọn àgbẹ̀ ti ń gbé pọ̀ bí abúlé, tí kálukú sì ní oko tiẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni wọ́n dìídì ṣe é fún, kí wọ́n má baà máa ya lọ sí Èkó láti wá iṣẹ́ akọ̀wé. Ìjọba kọ́ wọn níṣẹ́, ó fún wọn nílẹ̀, ó kọ́lé fún wọn, ó sì yá wọn lówó. Ṣùgbọ́n owó oko kì í yára wọlé bí owó oṣù. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn fi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

Àwọn kan dúró. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá tó ni katakata tá a ń sọ yìí. Bàbá náà ti kú, ìyàwó ẹ̀ ṣì wà nílé tí wọ́n gbé lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ilé ọ̀hún kò tóbi, páànù orí ẹ̀ ti pọ́n bí epo, igi máńgòrò kan sì wà lẹ́yìnkùlé tí òjìji ẹ̀ fẹ̀ ju ilé lọ. Abẹ́ máńgòrò yẹn ni katakata wà. Massey Ferguson 135 ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 1964, tó ń lo ẹ́ńjìnnì Perkins onípíísítínì mẹ́ta. Bàbá rà á ní àlòkù lásìkò Operation Feed the Nation, èyí tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé dé ní 1976. Wọ́n ní láyé ìgbà yẹn, bí katakata ọ̀hún bá ti ń bọ̀, àwọn ọmọdé á ti máa sáré tẹ̀ lé e.

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ò ṣòroó mọ̀. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí ìjọba Babangida kó SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, gbogbo ẹ̀yà ara katakata tó ń tòkè òkun wá sì di ọ̀wọ́n gógó. Bàbá ń lẹ̀ ẹ́, ó ń so ó, ó ń fi wáyà dè é, títí àìsàn fi dá òun fúnra ẹ̀ dúró. Láti ìgbà náà ni katakata ti wà lójú kan. Adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ ẹ̀, wọ́n sì ń sá aṣọ lé e lórí.

Ọmọkùnrin méjì ni màmá ní. Èyí ẹ̀gbọ́n ń gbé n'Íbàdàn, àbúrò ló wà lóko, tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń fi katakata ṣe háyà gba owó lọ́wọ́ àbúrò yìí, wọn ò dé títí òjò àkọ́kọ́ fi lọ. Ìgbà tí wọ́n máa túlẹ̀ tán, oòrùn ti gba oko. Àgbàdo tó hù kò ga kọjá orúnkún. Ẹ̀gbọ́n wá ní kí wọ́n kúkú ta irin tó wà nílẹ̀, kí wọ́n fi owó ẹ̀ háyà míràn lásìkò. Ká sòótọ́, kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló ń ra oògùn màmá lóṣooṣù. Ó mú àwọn onírin wá, wọ́n yí katakata po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dá owó kan lé e tí ò lè ra táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Màmá ní òun ò tà.

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fi han mẹkáníìkì ná," lohun tí àbúrò sọ.

Ẹ̀gbọ́n ní kò burú, òun fún un lọ́sẹ̀ méjì. Tó bá ti kọjá ìyẹn, àwọn onírin á padà wá.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti lọ mú bàbá mẹkáníìkì kan tó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, tó kọ́ṣẹ́ láyé ìgbà tí katakata ìjọba pọ̀. Òun àti ọmọṣẹ́ ẹ̀ kan ni wọ́n jọ dé. Ohun tí bàbá náà kọ́kọ́ wò kì í ṣe ẹ́ńjìnnì rárá. Sálẹ́ńsà ló gbójú sókè wò.

Ẹ jẹ́ ká la eléyìí yé ara wa. Sálẹ́ńsà katakata yìí kì í wà nísàlẹ̀ bíi ti mọ́tò, òkè ló dúró sí bí ọ̀pá. Tí òjò bá ń rọ̀ sínú ẹ̀ lọ́dọọdún, omi á gba ibẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, píísítínì á dípẹtà mọ́ ara ògiri tó yí i ká, ẹ́ńjìnnì ti gan nìyẹn. Owó tí wọ́n máa fi tún irú ẹ̀ ṣe lè ju ohun tí katakata fúnra ẹ̀ tó lọ. Bàbá mẹkáníìkì rí i pé agolo mílíìkì kan ló dé sálẹ́ńsà lórí, agolo náà kò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ dípẹtà.

"Ta ló ń de agolo yìí?"

"Èmi ni," màmá dáhùn látorí àpótí tó jókòó lé. "Bàbá wọn ló ní n má jẹ́ kójò wọ inú ẹ̀. Tọ́kan bá ti jẹrà, màá fòmíràn sí i."

Ẹnu ya àwọn ọmọ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ní kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí.

"Ta ló bi mí?"

Síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n tú nọ́sù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, wọ́n da ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ dísẹ́ẹ̀lì sínú ihò wọn, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá fi irin gígùn yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Kò kọ́kọ́ mira. Lẹ́ẹ̀kan náà ló yẹ̀, gbogbo wọn sì pariwo. Àbúrò gbé nọ́sù lọ sí Ìbàdàn láti lọ yẹ̀ wọ́n wò, ọ̀kan ti bàjẹ́ pátápátá, ó sì di dandan kó ra òmíràn. Táńkì ni kò ṣeé sọ. Ìpẹtà, ẹrẹ̀ àti alángbá gbígbẹ ni wọ́n gbọ̀n jáde níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ẹ́ tan án, bátìrì típà ni wọ́n lọ yá. Sítátà ń yí, ẹ́ńjìnnì ò jẹ. Ọmọṣẹ́ ní bóyá pọ́ọ̀ǹpù ló ti kú. Bàbá ní kó pa ẹnu mọ́, afẹ́fẹ́ ló wà nínú páìpù. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í jẹ bí afẹ́fẹ́ bá wà lójú ọ̀nà epo ẹ̀. Ó tú ìdè orí fíítà díẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ epo wá, epo ń hó jáde bí ìfófòó ọṣẹ. Nígbà tí kò hó mọ́, ó dè é padà, ó bọ́ sára pọ́ọ̀ǹpù, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn nọ́sù ló parí ẹ̀ sí. Ó ní kí àbúrò tan án. Èéfín funfun kọ́kọ́ jáde, ó di dúdú, katakata wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú. Wọ́n tún un tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kú mọ́. Màmá dìde lórí àpótí, ó wọnú ilé lọ, wọn ò sì rí i fúngbà díẹ̀.

Kílọ́ọ̀ṣì ò tú o, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Igi ni wọ́n fi tẹ pẹ́dà ẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́jú kó tó já. Ọjọ́ kejìlá nìyẹn. Wọ́n so àwọn díìsì ìtúlẹ̀ mọ́ ọn, àbúrò sì wọ oko. Ẹ̀gbọ́n ló sanwó dísẹ́ẹ̀lì, owó ọ̀hún sì mú un pòṣé. Òun náà ló fóònù àwọn onírin pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí katakata padà sábẹ́ máńgòrò. Bàbá mẹkáníìkì ti gba owó ẹ̀, ó ti fẹ́ẹ́ máa lọ sí Ọ̀yọ́, àfi bí màmá ṣe ní kí wọ́n dúró. Ó ní agolo òun dà? Ọmọṣẹ́ ń wo ilẹ̀. Òun ló ti ju agolo ọ̀hún sígbó láàárọ̀. Màmá fún un ní tọ́ọ̀ṣì, ó ní kó lọ wá a wá.