Kérésìmesì Àwọn Àtọ̀húnrìnwá

Ọkọ̀ Global Mercy, ilé ìwòsàn orí omi tí àjọ Mercy Ships ní, gúnlẹ̀ sí èbúté Freetown lọ́dún 2023. Àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì, alásè àti ẹlẹ́rọ tó ń gbé inú rẹ̀ yọ̀ǹda ara wọn ni. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fi owó àpò ara wọn san owó oúnjẹ àti ibùsùn. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé nínú àwọn ọkọ̀ àjọ yìí, kálukú á gbé àṣà ìlú rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn ará Netherlands á ṣe Sinterklaas, àwọn ará Sweden á wọ aṣọ funfun, wọn á ṣe ọjọ́ Lucia Mímọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún, gbogbo wọn á kó bàtà sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, kílẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á ti ki ẹ̀bùn kéékèèké bọ̀ ọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kò ní torí èyí lanu.

Freetown yìí kan náà ni àwọn Sàró ti ṣí wá sí Èkó. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tó já wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó lọ́dún 1851, àwọn Sàró ń ya wọlé, wọ́n sì tẹ̀dó sí Olówógbowó. Àwọn Àgùdà, tí wọ́n ti Brazil àti Cuba dé, dúró sí Pópó Àgùdà, nítòsí Campos. Sàró gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì dé. Àgùdà gbé ìlù, ìbòjú àti ijó ìgboro dé. Àwọn onílé sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò wọ́n.

Kí fadá kankan tó fìdí kalẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1868, ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ. Kò jẹ oyè fadá, bíṣọ́ọ̀bù kankan kò rán an. Síbẹ̀ ó ń darí àdúrà, ó ń ṣèrìbọmi fọ́mọ, ó ń sìnkú. Nígbà tí Fadá Borghero, ọmọ Ítálì, dé lọ́dún 1863, ìjọ ló bá nílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti olùyọ̀ǹda ara ẹni l'Ékòó, ẹni tó yẹ ká kọ́kọ́ dárúkọ nìyẹn, àmọ́ ẹnu kì í sábà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ohun tí àwọn Sàró àti Àgùdà kó wá, kó dúró de ijó ìgboro Fàǹtí nígbà ọdún. Láfíàjí, Campos, Òkè Pópó, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Ọbáléndé: àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ àti aṣọ tirẹ̀. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, sátíìnì á ti kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ débi tí oníbàárà kò ní ríbi jókòó sí. Wọn á máa rán ríbọ́ọ̀nù àti òdòdó mọ́ etí akẹ̀tẹ̀ tó fẹ̀ bí atẹ. Ẹni tó di abẹ́rẹ́ mú lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló kàn án nínú ọdún onígbàgbọ́.

Àjọṣe Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tó wà ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, ọmọ Sàró kan ló náwó rẹ̀, João Baptista da Costa tó jẹ́ Àgùdà ló sì kọ́ ọ.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ inú ẹgbẹ́ Fàǹtí ní wàhálà tirẹ̀ ṣá o. Ẹnìkan á ní òun ti san owó aṣọ, akápò á ní kò sí nínú ìwé. Wọn á jà lórí ẹni tó máa gbé àsíá. Àwọn onífèrè kò tilẹ̀ yọ̀ǹda ohunkóhun ní tiwọn: owó á balẹ̀ kí fèrè tó dún.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ Global Mercy ń lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ni, wọn á padà sílé, àwọn mìíràn á sì gbapò wọn. Àwọn tiwa, Sàró àti Àgùdà, kò padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Porto-Novo: nínú oṣù Kìíní, àwọn Àgùdà ibẹ̀ ṣì ń gbé eré ìbòjú Bouriyan jáde, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wọn, títí kan ìdílé Paraïso. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọmọ Pópó Àgùdà àti Láfíàjí ti kó lọ sí Súrùlérè àti Ajah, àwọn mìíràn wà ní London. Owó aṣọ wọn ń wọlé láti ibẹ̀, wọ́n sì ń bá àwọn tó wà nílé fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù nítorí àwọ̀ tí wọ́n máa dá lọ́dún yìí.