Nípa Ẹ̀rín: Ìpolówó Ọjà àti Sinimá Tí Àwa Fẹ́ràn

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kì í ṣe àṣà olùkọ́ ìjọ láti máa jẹ́wọ́ ohun tí ń pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ bá rí wa ní ọjọ́ Ìsinmi nínú aṣọ funfun wa, ẹ lè máa rò pé ìwé Orin àti ìwé Àdúrà nìkan ni ojú wa ń rí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì wà tí àwa fẹ́ràn púpọ̀: èkíní ni ìpolówó ọjà apanilẹ́rìn-ín tí a ń fi hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, èkejì ni sinimá tí ń fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pa àlọ́, irú èyí tí ènìyàn fi ń lọ sí òṣùpá, tí ẹ̀rọ sì ń hùwà bí ènìyàn. A fẹ́ sọ díẹ̀ fún yín nínú àwọn tí ó wù wá jù, kí a sì jẹ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí ọ̀kan nínú wọn kọ́ wa nínú ilé àwa tìkára wa.

Ìpolówó kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìgbà èwe wa, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni a ti ń gbọ́ ohùn àwọn tí ń kiri ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, olúkúlùkù pẹ̀lú ohùn tirẹ̀; àwa ọmọdé sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá lè pa ará àdúgbò lẹ́rìn-ín ni igbá rẹ̀ ń tètè ṣófo. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ọgbọ́n àtijọ́ yìí kan náà ni ó wọ inú àpótí. Àpótí ni ó jẹ́ tuntun. Ọgbọ́n náà ti wà tipẹ́.

Nínú gbogbo ìpolówó tí a ti rí, èyí tí ó kọ́kọ́ gbà wá lọ́kàn ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974 fún Smash, ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún òyìnbó ti ilé-iṣẹ́ Cadbury. Omi gbígbóná ni a ń dà sí ìyẹ̀fun náà, a ó rò ó, yóò sì di oúnjẹ. Nínú ìpolówó yìí, àwọn ẹ̀dá onírin láti ayé Mars péjọ, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn ẹni tí ó ti bẹ ayé wa wò. Ó sọ fún wọn pé àwọn ènìyàn a máa fi ọ̀bẹ bẹ ọ̀dùnkún, wọn a sè é fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà wọn a sì gún un wómúwómú. Bí wọ́n ti gbọ́ èyí, ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, gbogbo ara irin wọn sì ń gbọ̀n.

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí i, aya wa ń gún iyán lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. A gbọ́ ìró ọmọ odó, a sì rò ó pé bí àwọn ará Mars wọ̀nyí bá bẹ̀ wá wò, kí ni wọn yóò lọ wí nílé? Wọn yóò ní, àwọn ènìyàn kan ń bẹ tí wọ́n se iṣu tí ó jinná tán, síbẹ̀ tí wọ́n tún fi igi nà án. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n a kò torí rẹ̀ kọ iyán náà. Ohun tí ó dára nínú ẹ̀rín yìí ni pé ó mú wa fi ojú àlejò wo ara wa, kò sì bù wá kù.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni sinimá wọ̀nyí ń ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn ni èyí tí Georges Méliès, onídán ará ilẹ̀ Faransé, ṣe ní ọdún 1902 nípa ìrìn-àjò sí òṣùpá. Kò ní ohùn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wọ inú ọta ìbọn ńlá, a yìn wọ́n sókè, ọta náà sì lọ gún òṣùpá ní ojú. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1969, ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní tòótọ́. Ẹni tí ó rí ti àkọ́kọ́ ní èwe lè dàgbà kí ó sì rí èkejì. Nígbà mìíràn, ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣíwájú, iṣẹ́ ni ó ń tẹ̀lé e.

A kò gbàgbé WALL-E, ti ọdún 2008. Níbẹ̀, ayé ti kún fún ìdọ̀tí ohun tí a rà tí a sì jù nù. Ẹ̀rọ kékeré kan ni ó kù tí ń kó o jọ. Àwọn ènìyàn wà nínú ọkọ̀ ńlá láàárín ìràwọ̀, wọ́n sanra, wọ́n jókòó lórí àga tí ń léfòó, àwòrán sì wà níwájú ojú wọn nígbà gbogbo. Ìpolówó kan ní kí wọ́n pa pupa tì kí wọ́n wọ búlúù. Lójú kan náà, aṣọ wọn di búlúù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán iwájú obìnrin kan kú, ó gbé ojú sókè, ó sì ń wo ohun gbogbo yíká bí ẹni pé òní ni a dá wọn. Sinimá náà ń fi ìpolówó ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì fi àwọn ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàtọ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó pọ̀. Ẹ gbọ́ bí àwa ti ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọmọ wa ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ó kó agolo mílíìkì jọ, pẹ̀lú wáyà, ìdérí ìgò àti bátìrì tí ó ti kú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi tò wọ́n lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní róbọ́ọ̀tì ni, ẹ̀rọ tí yóò máa bá ìyá òun pọn omi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn àgbà ìjọ wà lọ́dọ̀ wa, ó gbé e wọ inú pálọ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, ó sì pàṣẹ fún un pé kí ó kí àwọn àlejò. Agolo kò mira. Ó tún pàṣẹ. Agolo kò dáhùn. Àwa bú sẹ́rìn-ín, a sì wí pé, “Lọ kọ́ ìsirò rẹ ná, ìgbà tí o bá mọ̀ ọ́n ni agolo yóò tó dọ̀bálẹ̀ fún ọ.” Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu wa. Àwọn àlejò fi ọwọ́ lu itan. Ọmọ náà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé ohun rẹ̀, ó sì jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a rí agolo wọnnì lórí ààtàn. Láti ọjọ́ náà, bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé, ìyá rẹ̀ ni ó ń sọ fún. A kò bi í ní ìdí. A ní ó ń dàgbà ni.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn èyí kí olùkọ́ kékeré kan tó fi ìpolówó kan hàn wá lórí fóònù rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Volkswagen ni ó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011. Ọmọdé kan wọ aṣọ dúdú àti ìbòjú Darth Vader, ẹni burúkú inú Star Wars, sinimá tí George Lucas ṣe ní ọdún 1977. Ẹni náà a máa na ọwọ́ lásán, ohun tí kò fọwọ́ kàn a sì máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọmọ yìí na ọwọ́ sí ajá, sí ẹ̀rọ ìfọṣọ, sí ọmọlangidi. Kò sí èyí tí ó dá a lóhùn. Bí bàbá rẹ̀ ti ti ibi iṣẹ́ dé, ó sáré kọjá lára rẹ̀ lọ bá ọkọ̀ níta, ó sì na ọwọ́ méjèèjì. Lójijì iná ọkọ̀ tàn, ẹ́ńjìnnì sì dún. Ọmọ náà ta gìrì sẹ́yìn! Bàbá rẹ̀ ni ó wà nínú ilé, tí ó tẹ kọ́kọ́rọ́ tí ń ti òkèèrè tan ọkọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ.

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Àwa pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà há wa lọ́fun. Ọmọ kan na ọwọ́, bàbá rẹ̀ wá ohun tí òun lè tẹ̀; ọmọ tiwa na ọwọ́, àwa wá ọ̀rọ̀ tí yóò pa àlejò lẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé nítorí kí wọ́n lè ta ọkọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tí ń ta ọkọ̀ mọ ohun tí àwa tí ń kọ́ ọmọ kò mọ̀. Ẹnìkan lè wí pé bàbá yẹn tan ọmọ rẹ̀ jẹ. Àwa náà rò ó. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́kọ́rọ́ tí a lè tẹ̀ fún agolo tí ó ti lọ sí ààtàn. Òtítọ́ nìkan ni ó kù tí a lè fún un.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a pe ọmọ wa sí ẹ̀gbẹ́ wa, a sì wí fún un pé ẹ̀rín tí a fi í rín níwájú àwọn àgbà kò dára, kí ó dárí jì wá. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn lẹ́nu bàbá. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá mi, kò lè rìn tẹ́lẹ̀ náà ni. Kò ní ẹ́ńjìnnì.” A bi í pé kí ni ó kù tí a lè rà. Ó dáhùn kí a tó parí ọ̀rọ̀, bí ẹni tí ó ti ń dúró de ìbéèrè náà láti ọdún tí ó kọjá: ẹ́ńjìnnì kékeré láti inú ọkọ̀ ìṣeré tí ó ti bàjẹ́, bátìrì tuntun méjì, àti táyà mẹ́rin.

Ẹ̀rọ náà kò tí ì pọn omi títí di òní. Ó ń yí po lójú kan bí adìẹ tí ilẹ̀ ṣú bá lọ́nà, a sì máa forí sọ ẹsẹ̀ àga. Nígbà tí ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwa rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì ti ìdí odó wá wò wá.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ ilé-ìwé bá gbé agolo wá síwájú yín, ẹ bi í pé kí ni ó kù sí i. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe kó ti yín lọ sí ààtàn kí ẹ tó rí ẹni tí yóò bi yín.