Ẹgbẹ̀fà Dọ́là Dín Márùn-ún Fún Ìpara Mọ́tò!

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí àwọn ọmọ wa tó wà l'Amẹ́ríkà ń kà á, àwọn òbí wọn tó wà nílé tó ń retí owó lọ́wọ́ wọn náà sì ń kà á. Ọ̀rọ̀ mọ́tò tuntun ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ti táyà. Ohun tí àwọn tó ń ta mọ́tò ń fi pa á lára ni, tí àwọn òyìnbó ń pè ní paint sealant. Èmi ń pè é ní ìpara mọ́tò, nítorí ìpara náà ni. Bí èèyàn ṣe ń wẹ̀ tán kó tó fi ìpara para, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa bi mí pé kí ló kàn mí ńbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò ni mo kọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Mushin, mo sì tún fi ọdún díẹ̀ ṣe é níbí ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ mìíràn. Mo ti fín ọ̀dà, mo ti fi omi àti sáńpépà ha ara mọ́tò títí ìka mi fi bó. Tí ọ̀gbẹ́ni kan bá wá jókòó sínú ọ́fíìsì olómi tútù, tó de táì mọ́rùn, tó ní òun fẹ́ kọ́ mi bí ọ̀dà ṣe ń ṣe, n ó gbọ́ tẹnu ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ó gbọ́ tẹnu mi.

Àbúrò ìyàwó mi ló fẹ́ ra mọ́tò. Iṣẹ́ alẹ́ lọmọ náà ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kò sì sí bọ́ọ̀sì tó ń débẹ̀ lóru. Ó ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méjì, ló bá ní kí n sin òun lọ. A dé ilé ìtajà mọ́tò náà lọ́jọ́ Sátidé (mi ò ní í dárúkọ wọn, wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀), a wo èyí, a wo tọ̀hún, títí ọkàn ẹ̀ fi balẹ̀ sórí ọ̀kan aláwọ̀ búlúù.

Ìwé méjì ló wà lára gíláàsì mọ́tò náà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Èkíní ni ìwé tí òfin ní ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Láti ọdún 1958 ni òfin yẹn ti wà, Sẹ́nétọ̀ Mike Monroney láti ìpínlẹ̀ Oklahoma ló gbé e dìde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ ẹ̀ pe ìwé náà títí dòní. Iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò dá lé e ló wà níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n kó sínú ẹ̀, àti owó tí wọ́n fi gbé e wá. Ìwé kejì kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilé iṣẹ́ yẹn rárá. Olówò mọ́tò ló tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀, ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ èkíní, ó tún fi irú lẹ́tà kan náà kọ ọ́ kó lè dà bíi pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Orí ìwé kejì yìí ni mo ti rí i: ìdáàbòbò ọ̀dà, 1,195 dọ́là. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo ní kí n wo ibi tó máa já sí.

A ná mọ́tò náà, a fẹnu kò. Àbúrò mi ti ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọjà ti parí. Kẹ̀! L'Amẹ́ríkà, ìgbà tí ẹ bá fẹnu kò tán lọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú wa wọ yàrá kékeré kan, ọ̀gbẹ́ni onítáì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń kọ ìwé ẹ̀yáwó, òun náà ló sì ń ta gbogbo àfikún. Ó fa irin pẹlẹbẹ kan yọ lábẹ́ tábìlì, irin bónẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kùn ní dúdú. Ó ní àwọn ti fi ìpara pa apá ọ̀tún, àwọn ò fi pa apá òsì. Ó da omi sí i. Lápá òsì, omi tẹ́ pẹrẹsẹ. Lápá ọ̀tún, ó ṣù róbótó-róbótó, ó ń yí gbirigbiri bí omi orí ewé kókò. Àbúrò mi ní, "Háà! Bọ̀dá, ẹ wò ó!"

Mo wò ó, ẹ̀rín sì pa mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi òrí pa irin, kí ẹ da omi sí i, ohun tí ẹ máa rí náà nìyẹn. Omi kì í bá ọ̀rá rẹ́. Pé omi ṣù kò sọ fún yín bóyá ohun náà máa lo oṣù kan tàbí ọdún kan, kò sì ní kí òkúta má ha mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀dà mọ́tò ayé ìsinsìnyí ṣe rí. Láyé tí mo kọ́ṣẹ́, ọ̀dà kan náà la máa ń fín lé ara wọn, oòrùn á lù ú, á ṣì, á máa tú bí ẹfun sí èèyàn lọ́wọ́, la ó bá fi kọ́ńpáùǹdì yọ ojú ẹ̀, ká fi ìda pa á. Irú ọ̀dà yẹn nílò ìpara lóòótọ́. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Odindi ara mọ́tò ni wọ́n ń rì bọ inú adágún ọ̀dà, wọ́n á fi iná mànàmáná jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ irin kó má baà dípẹtà. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ á wá tẹ̀ lé e, àwọ̀ á tẹ̀ lé ìyẹn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fín ọ̀dà kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì bò ó lókè, wọ́n á sì yan án nínú ààrò. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ kì í sábà ju 100 sí 150 micron lọ, ìyẹn bí ìpọ̀n irun orí kan tàbí méjì. Ọ̀dà gaara tó wà lókè yẹn gan-an ni ààbò. Wọ́n ti san owó ẹ̀ mọ́ mọ́tò kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Ìpara tí olówò wá ń tà, orí ààbò ló ń lọ bò.

Mi ò ní kò wúlò o. Ó ń jẹ́ kí ìdọ̀tí tètè ṣí, ó ń jẹ́ kí mọ́tò dán, ó sì máa ń gba ìyà díẹ̀ lórí ọ̀dà. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe lè lo bí oṣù mẹ́fà kó tó ṣí tán. Ti ìda carnauba, tí wọ́n ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Brazil, kì í tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìgò kan ẹ̀ ní ilé ìtajà ohun èlò mọ́tò kò ju nǹkan bí ogún dọ́là lọ, ó sì lè pa mọ́tò kan ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ibi tí ogún dọ́là ti di ẹgbẹ̀fà dín márùn-ún ló ń dùn mí.

Mo bi ọ̀gbẹ́ni náà ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí lorúkọ ohun tí ẹ fi pa á? Ta ló pa á? Ọjọ́ wo ni? Kò mọ ìkankan. Ó ní ó ti wà lára mọ́tò, kò ṣeé yọ, ìdí nìyẹn tí owó ẹ̀ náà ò fi ṣeé yọ. Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí kò bá ṣeé yọ, ẹ fi ṣe èènì fún wa." Mo ṣàlàyé èènì fún un. Mo ní nílùú wa, tí ìyá oníròrò bá ti da díẹ̀ sí i kí o tó ní kó da á, kò ní í tún wá gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ogún dọ́là péré ló máa fi kún owó oṣooṣù yín." Àbúrò mi yíjú sí mi, ó sọ ọ́ ní Yorùbá pé, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká gbà á jàre, kó tán nílẹ̀. Ogún dọ́là lásán mà ni. Iṣẹ́ ń dúró dè mí lálẹ́ yìí."

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fetí sí. Ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé ẹ̀yáwó náà lọ́dún, oṣù méjìléláàádọ́rin ló sì fẹ́ fi san án. 1,195 dọ́là ní èlé yẹn jẹ́ nǹkan bí ogún dọ́là àti sẹ́ńtì díẹ̀ lóṣù, lóòótọ́. Ẹ wá sọ ọ́ di ọ̀nà méjìléláàádọ́rin, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,470 dọ́là. Ìpara tó máa ṣí láàárín oṣù mẹ́fà, ọdún mẹ́fà lẹ máa fi san gbèsè ẹ̀!

Mo bi í pé, "Eélòó lò ń fi ránṣẹ́ sí Màmá lóṣooṣù?"

Ó ní, "Ọgọ́rùn-ún dọ́là, sà."

Mo ní, "Ṣírò ẹ̀."

Ó dákẹ́. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti owó oúnjẹ ìyá ìyàwó mi fún odindi ọdún kan ni ọ̀gbẹ́ni yẹn gbé sórí tábìlì. Àbúrò mi fúnra ẹ̀ ló wá ti ìwé náà padà, ó ní òun ò fẹ́.

Ni ọ̀gbẹ́ni bá dìde lọ bá ọ̀gá ẹ̀. Ó dé, ó ní 595. A ní rárá. Ó tún lọ, ó dé, ó ní 295. Ẹ gbọ́ o, ogún ìṣẹ́jú kò tíì pé! Mo ní kó jẹ́ kí n ka ìwé onídùúró tó ní ó bá a wá. Mo yí i sẹ́yìn, ibi tí lẹ́tà ti kéré. Tí òkúta bá ha á, kò kàn wọ́n. Tí yìnyín bá lù ú, kò kàn wọ́n. Tí ẹni tó ni mọ́tò kò bá gbé e padà wá fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Kí ló wá ṣẹ́ kù tí wọ́n ń dúró lé? A dìde, a ń lọ. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi pè wá padà, tí wọ́n sì tẹ ìwé mìíràn tí kò sí ìpara nínú ẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ṣé kò sófin ni? Àjọ FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà, ṣe ìlànà kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé olówò mọ́tò kò gbọ́dọ̀ gbowó àfikún tí kò ṣe oníbàárà láǹfààní, kò sì gbọ́dọ̀ gbowó ohun tí oníbàárà kò mọ̀ọ́mọ̀ gbà sí. Ẹgbẹ́ àwọn olówò mọ́tò, ti gbogbo Amẹ́ríkà àti ti Texas wa níbí, gbé e lọ sílé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní New Orleans. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ fagi lé e, wọ́n ní àjọ náà kò kọ́kọ́ ṣe ìkéde tó yẹ kó ṣe. Nítorí náà, ẹnu yín ni òfin yín nínú yàrá kékeré yẹn.

Nígbà tí a gbé mọ́tò délé, mo ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, mo fi pa orí bónẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà tí àwa páńtà fi ń mọ ìdọ̀tí tí ojú kò rí nìyẹn. Ó rí ṣákaṣàka bí gààrí. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ fi ìpara pa mọ́tò náà, orí ìdọ̀tí ló pa á lé. A fi ọṣẹ mọ́tò fọ̀ ọ́, korobá méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan aṣọ, kí iyanrìn má baà padà sára ẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ mọ́tò o, ó ń ṣí ìpara kúrò ni. A fi amọ̀ tí wọ́n ṣe fún mọ́tò fà á títí ó fi ń yọ̀ kọ̀rọ̀, a gbẹ ẹ́, a fi ìpara pa á, díẹ̀díẹ̀, níbi òjìji. Kò tó ọgọ́ta dọ́là tí a fi ra gbogbo ẹ̀, ó sì tún ṣẹ́ kù sínú ìgò. Ní Houston níbí, kòkòrò dúdú kan wà tó máa ń fò ní méjì-méjì, akọ lẹ́yìn abo, ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án. Tó bá kú mọ́ iwájú mọ́tò nínú oòrùn, ó ń jẹ ọ̀dà. Òun àti ìgbẹ́ ẹyẹ, ọjọ́ tí ẹ bá rí wọn ni kí ẹ fọ̀ wọ́n, ìpara ìpara kankan kò ní í bá yín fọ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó ńkọ́? Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta wà tí èèyàn lè fi dá mọ́tò padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn kò kan mọ́tò tí ẹ lọ rà ní ọ́fíìsì olówò. Ṣùgbọ́n ẹ yí ìwé onídùúró yín sẹ́yìn, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìfagilé. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ tètè kọ lẹ́tà kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yáwó lẹ fi ra mọ́tò, ọ̀dọ̀ báǹkì lowó náà sábà máa ń lọ láti fi dín gbèsè kù, kì í ṣe àpò yín, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Páńtà Àtijọ́,
Houston, Texas.